Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ l'ọ́sibítù: ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ohun tójú ẹ̀ máa rí nìyí

Ẹni tí kò bá tíì gbé aláìsàn dé ọsibítù ìjọba rí ló máa rò pé dọ́kítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti débẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹbí ló ń gbé iṣẹ́ ọsibítù rìn. Ẹbí ló ń lọ gba káàdì, ẹbí ló ń tò sórí ìlà láti sanwó, ẹbí ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára aláìsàn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló sì máa padà lọ gba èsì. Tí wọ́n bá kọ oògùn tí kò sí nínú ọsibítù, ẹbí ló ń sáré jáde lọ wá a níta. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹbí kan náà yìí ló máa tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ wọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ igi, tí ẹ̀fọn á máa jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó lè wà nítòsí bí wọ́n bá pe orúkọ aláìsàn ẹ̀.

Ti ẹni tí kò lẹ́bí nítòsí wá ń kọ́? Mọ́tò kọ lu ọkùnrin kan ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gbé e wá, fóònù ẹ̀ ti fọ́, òun náà ò sì lè sọ̀rọ̀. Tàbí ká sọ pé ìyá arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ẹ̀ kan wà ní Kánádà, èkejì wà l'Ábújà, àbúrò ẹ̀ tó ń gbóúnjẹ wá fún un sì gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà kóun náà tó lè rí nǹkan jẹ. Òfin ètò ìlera tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́dún 2014 sọ pé ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òfin ò lẹ́sẹ̀. Kò lè lọ gba èsì àyẹ̀wò, kò sì lè fi ṣíbí bu ògì sẹ́nu arúgbó. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda ara ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó sì fẹ́ ṣe é ò kéré o. Àwọn ìyá ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àdúrà mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí ilé ti sú, àti àwọn ọmọ tó ń dúró de yunifásítì. Ohun tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni ohun tí wọ́n ti rò sọ́kàn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti rí i lójú fíìmù. Wọ́n rò pé àwọn máa wọ aṣọ funfun, àwọn á gbé ohun tí dọ́kítà fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn, aláìsàn á sì di ọwọ́ àwọn mú, á máa sunkún ọpẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́ pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ti kẹ̀kẹ́ bàbá yìí dé ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Tẹ́ ẹ bá ti délẹ̀ níbẹ̀, ẹ dúró tì í, ẹ má padà láìmú un dání.’ Wákàtí méjì gbáko lè lọ sí i lórí ìlà. Iṣẹ́ nìyẹn. Kẹ́nì kan máa júwe ọ̀nà fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó máa bá arúgbó tí ò mọ̀wé ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé, kó máa to fáìlì, kó máa bu omi, kó máa jókòó ti ẹni tí ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tí irú ẹ̀ ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.

Ká tiẹ̀ mú un látìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn kì í déédéé wọ inú wọ́ọ̀dù pé òun wá ṣoore. Ìbáà jẹ́ UCH n'Ìbàdàn, tó ti ń gba aláìsàn látọdún 1957, ìbáà jẹ́ LUTH ní Ìdí-Àràbà, ìbáà jẹ́ jẹ́nẹ́rà ọsibítù kékeré, lẹ́tà ló máa ń ṣáájú. Ọ̀gá àgbà ọsibítù ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yà sí láti béèrè bọ́rọ̀ ṣe rí ni ti àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní wẹ́fíà. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yìí ló mọ aláìsàn tí kò lẹ́ni, àwọn ló mọ ẹni tí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n lè béèrè fọ́tò pélébé, káàdì ìdánimọ̀, àti ẹni tó máa dúró fún onítọ̀hún. Wọ́n sì lè ní kó lọ dúró ná. Ìdúró yẹn máa ń bí àwọn mìíràn nínú, wọ́n á ní, ‘Èmi tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́!’ Wọn ò rò ó pé ọmọ ọlọ́mọ tó ń sùn, tí ò mọ ohun tó ń lọ, ni wọ́n fẹ́ fi sábẹ́ ojú wọn.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London mọ̀ pé ọsibítù ìjọba níbẹ̀ máa ń wádìí bóyá ẹni tó fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti dáràn rí kí wọ́n tó jẹ́ kó sún mọ́ aláìsàn. Lóṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ń wá 250,000 èèyàn tó máa ran ètò ìlera wọn lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó lé ní 750,000 èèyàn tó fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó sílé, tí wọn ò rí iṣẹ́ kankan gbé fún wọn fún ìgbà pípẹ́. Ọkàn rere nìkan ò tó, àyàfi kí wọ́n rí ibi tí wọ́n máa fi onítọ̀hún sí.

Lẹ́yìn lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kan ara onítọ̀hún fúnra ẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, bí 8 ló ní àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní B. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ọ̀pọ̀ tó sì ní in ni kò mọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á: tàkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta tó bá di oṣù mẹ́fà sí ìgbà tí wọ́n gba tàkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń gbèrò àti lọ ṣiṣẹ́ lọ́sibítù, kò yẹ kó dìgbà tó bá dé wọ́ọ̀dù kó tó gba èkínní.

Ọwọ́ fífọ̀ ló tún kù. Wọ́n máa kọ́ ọ bíi pé ọmọ jẹ́léósinmi ni: kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án tán, kódà lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì tàbí aṣọ ìbora ẹ̀. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, bí ìṣẹ́jú kan. Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná. Àwọn obìnrin tó ń lẹ èékánná gígùn á gbé e sílé ná. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tára ẹ̀ ń gbóná lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ, kó fóònù, kó má lọ. Òtútù tí kò ju kára ó ro òun lọ lè jẹ́ ohun tó máa gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ.

Ẹni tó bá rò pé wọ́n ti ń ṣe àṣejù, kó rántí Ebola. Lọ́jọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ Láíbéríà, bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù l'Ékòó pẹ̀lú àìsàn lára. Ọsibítù aládàáni kan ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Dọ́kítà Ameyo Adadevoh ò gbà kó jáde, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ wọn tó pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àìsàn náà ló pa dọ́kítà obìnrin ọ̀hún lọ́jọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún yẹn. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Kí ló wá jẹ́ kó mọ síbẹ̀ nínú ìlú tí èrò pọ̀ bí Èkó? Ilẹ̀kùn kíkàn ni. Èèyàn 894 ni wọ́n tọpa wọn pé wọ́n ti sún mọ́ aláìsàn, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nílé fún ọjọ́ 21, wọ́n ń yẹ ara wọn wò bóyá ó gbóná. Ìbẹ̀wò yẹn tó 18,500. Nígbà tó di ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2014, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ lásán, tí ò gbayì lójú ẹnì kankan, tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ láìyẹ̀, ló ṣe é.

Nínú wọ́ọ̀dù, ìyá tí wọ́n ń pè ní mátírọ́ọ̀nù lolórí. Ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló kéré jù níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá bánkì, ìbáà jẹ́ olóyè. Nọ́ọ̀sì tó kéré sí ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ orí lè ní, ‘Mà, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn!’ kó má sì kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. Kí onítọ̀hún má bínú. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dọ́kítà ló ti japa lọ sókè òkun, iṣẹ́ àwọn tó lọ sì ti bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti dúró láti àárọ̀, tí ò tíì jẹun, ohùn ẹ̀ ò lè dùn. Tí wọ́n bá ti rí i pé alejò yìí kì í ṣe ẹni tó wá ṣọ́ wọn, tó sì ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, wọ́n á rọ̀ fún un.

Ohun tó máa dán an wò jù ni àánú. Bàbá kan á pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, ‘Ọmọ mi, òùngbẹ ń gbẹ mí, fún mi lómi díẹ̀.’ Ta ni ò ní fún un? Ṣùgbọ́n bàbá yìí fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ láàárọ̀ yẹn, wọ́n sì ti ní kó má jẹ, kó má mu. Tí wọ́n bá fún un loògùn oorun, ohun tó wà níkùn ẹ̀ lè gòkè wá, kó gba inú ọ̀fun wọnú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ó sì lè kú síbẹ̀. Tó bá jẹ́wọ́ pé òun mumi, wọ́n lè sún iṣẹ́ abẹ ọ̀hún síwájú, ká má sọ iye ọjọ́ tó ti ń dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún mínírà, tàbí ẹni tí wọ́n ní kó má dìde tó ní kí wọ́n fa òun sókè. Èsì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà: ‘Ẹ jẹ́ kí n bi nọ́ọ̀sì ná.’ Ẹni tó bá lè máa sọ ọ́ nígbà gbogbo, láìtijú, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Abẹ́rẹ́ ò kàn án, omi tí wọ́n fà sí aláìsàn lára ò kàn án, egbò dídì ò kàn án. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn ṣe é torí pé ọwọ́ ò tó, kó sọ pé òun ò kọ́ ọ. Tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò bá ṣèèṣì gún un, kó má fún ojú ibẹ̀, kó má fi sẹ́nu. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kó fi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún mátírọ́ọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV wà, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ sí ló ṣe dáa sí. Ẹni tó bá dákẹ́ torí ìtìjú, tó ń lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ pé ìgbà tó máa pariwo, ọjọ́ ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹnu. Ìwé ìròyìn tí kì í fi òfófó ṣeré pàápàá mọ̀ pé òfófó kan wà tí kò ṣe é gbé jáde. Òfin ọdún 2014 yẹn náà ló sọ pé àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ kiri, títí kan pé ó wà lọ́sibítù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ á rí àwọn tó mọ̀ níbẹ̀. Á rí aládùúgbò ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn HIV. Á rí ọmọ díákónì tó wá nítorí oyún tó bà jẹ́. Á rí lándílọ́ọ̀dù tó ń fọ́nnu ládùúgbò, tí kò rówó oògùn san. Tó bá délé, tí ìyàwó ẹ̀ bá ní, ‘Ta lẹ rí?’, èsì ẹ̀ ni pé òun rí àwọn aláìsàn. Ó parí. Ilé tú sọ́wọ́ gbólóhùn kan rí, ọmọ sì ti sá fún oògùn ẹ̀ rí torí pé ẹnì kan sọ pé òun rí i níbẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ti bẹ̀rù ojú tó wà lọ́sibítù, wọn ò ní lọ mọ́. Ikú nìyẹn ń bí.

Fóònù pàápàá ti di ẹnu. Ẹgbẹ́ kan á gbé indomie àti ọṣẹ lọ fún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù, ẹni mẹ́wàá á yí bẹ́ẹ̀dì kan ká, wọ́n á gbé nǹkan lé aláìsàn láyà, wọ́n á ya fọ́tò, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wà lórí Facebook. Ìyá yẹn ò sí ní ipò tó lè sọ pé òun ò fẹ́. Gèlè ò sí lórí ẹ̀, ara ẹ̀ ò bò dáadáa, àwọn àna ẹ̀ sì máa rí i. Ẹni tó bá fẹ́ fúnni ní nǹkan, kó fúnni. Tó bá jẹ́ fọ́tò ló bá wá, ọ̀dọ̀ fọtógíráfà ló yẹ kó gbà lọ.

Àdúrà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń fẹ́ ẹ, tí ọkàn wọn sì máa ń balẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè ni. Mùsùlùmí wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ọmọ ìjọ wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, oníṣẹ̀ṣe lè wà lórí ẹ̀kẹta. Kéèyàn máa lọgun lórí wọn, kò yàtọ̀ sí kéèyàn já wọlé onílé. Èyí tó burú jù ni kẹ́nì kan sọ fún aláìsàn pé kó sinmi oògùn lílò, nítorí ìran tí wọ́n rí, tàbí kó yọ́ àgbo fún un mu. Àgbo àti oògùn dọ́kítà lè pàdé nínú ara kí wọ́n di ìjà, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló sì máa gba ẹgba ẹ̀.

Owó náà máa dé ọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí á máa sọ ìṣòro wọn, omi á bọ́ lójú, ọwọ́ á wọnú àpò. Ẹni tó bá fún ọ̀kan lówó lónìí, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló máa dúró dè é lọ́la, kò sì ní lè wọ wọ́ọ̀dù yẹn mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta. Wẹ́fíà ni kó darí wọn sí, tóun náà bá sì fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, ibẹ̀ ni kó san án sí, kó gba rìsíìtì. Kó má gba owó lọ́wọ́ aláìsàn láti bá a ra oògùn láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì mọ̀, bó ti wù kó rí. Ọjọ́ tí náírà kan bá dín, orúkọ ẹ̀ ló máa lọ sí i.

Ikú ńkọ́? Ó máa rí i. Ó lè bá ìyá àgbà kan ṣeré ní Sátidé, kí ìyá náà sọ fún un pé kó mú ọsàn wá fóun tó bá ń bọ̀. Nígbà tó bá fi máa mú ọsàn dé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti di tuntun, ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ò ní jókòó sọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ́, kì í ṣe pé wọn ò láàánú, àwọn tó kù ló ń pè wọ́n. Tí ẹbí bá dé lójú ẹsẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń béèrè, iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ ni láti túfọ̀. Kó fi wọ́n jókòó, kó lọ pe ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Tó bá délé tó fẹ́ sunkún, kó sun ún. Tí oorun ò bá wá mọ́ lálaalẹ́, kó sọ fún àwọn wẹ́fíà pé òun fẹ́ sinmi. Kò sí àbùkù ńbẹ̀.

Ẹni tí gbogbo èyí bá ti pọ̀ jù fún lè ṣe ọ̀kan tí kò gbà ju wákàtí kan lọ: kó lọ fún wọn lẹ́jẹ̀. Tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí kò tíì ju 65 lọ, tó tẹ̀wọ̀n tó kílò 50, tára ẹ̀ sì le, ọkùnrin lè fún wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń gbà ò pé ìdajì lítà. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú àtàwọn mìíràn. Obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ láàárín òru ò ní ráyè dúró kí ọkọ ẹ̀ máa wá ará ilé tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ti ìyàwó òun mu. Èyí tó ti wà nínú fíríìjì ló máa gbà á là.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ, kó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kò ju kó máa dé lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìtara bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ pé ojoojúmọ́ làwọn á máa wá, kí oṣù kan tó pé wọ́n ti di ẹni àwátì. Kò sàn kí wọ́n má wá rárá? Aláìsàn tí kò lẹ́ni ń ka ọjọ́. Tí wọ́n bá sọ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀, tẹ́ni náà ò dé, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n pa á tì. Ẹni tó bá mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta ní Sátidé nìkan lòun ní, kó sọ wákàtí mẹ́ta, kó má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì dé. Tó bá ti ṣe é fún oṣù méjì, tí kò yẹ̀, kò ní wá iṣẹ́ mọ́. Kó tó wọlé, àwọn nọ́ọ̀sì á ti kọ orúkọ àwọn tí kò lẹ́ni sílẹ̀ dè é.